Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Yan Oǹdó

Odòsídà, Oǹdó,
Ọjọ́ Ajé.

Moyinolúwa ọmọ mi,

Mo kí ọ títí. Ṣé o jí dáadáa, ṣé orí kò fọ́ ọ mọ́, ṣé ò ń jẹun lásìkò ní Àkúrẹ́ níbẹ̀? Iṣẹ́ àtẹjúmọ́ kọ̀ǹpútà tí ò ń ṣe yẹn kò ní gba ojú lọ́wọ́ rẹ. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí wáyà ọ́fíìsì yín gbiná látẹ̀yìn wá, kò ní jẹ́ kó gbiná láéláé. Èmi náà wà, àfi orúnkún àti àìsùn, ìyẹn kì í sì í ṣe ìròyìn mọ́. Ìròyìn ni pé ewúrẹ́ Oríọlá tó ń gbé iwájú wa wọ ẹ̀yìnkùlé, ó jẹ gbogbo ewé ẹ̀gẹ́ mi tán. Mo lọ fẹjọ́ sùn. Oríọlá ní kí n má bínú, ó ní bóyá ewúrẹ́ náà rò pé kò sẹ́ni tó ń gbé ilé yẹn mọ́ ni.

Mo kọ èyí sínú lẹ́tà nítorí pé ọ̀rọ̀ kì í pé mi lẹ́nu lórí fóònù. Tí o bá ti ní, Bàámi, mo wà nípàdé, gbogbo ohun tí mo ti kó jọ láti àárọ̀ á fò lọ. Àbdùlláhì tó ń wa ọkọ̀ Àkúrẹ́ ló máa mú un wá. Ó ń lọ láàárọ̀, ó sì ń padà wá jẹun ọ̀sán nílé rẹ̀. Mi ò fi bú ẹnikẹ́ni o, mo kàn ní bí ó ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ géèmù yín ló gbé kálámù lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́sí, o ní ẹ fẹ́ ṣe èkejì èyí tí wọ́n ti ń yìnbọn. O ní ìlú tí kò sí láyé lẹ fi ṣe àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìlú gidi lẹ fẹ́ báyìí, pé ó ku Oǹdó àti Àkúrẹ́, ọjọ́ Ẹtì yìí lẹ máa mú ọ̀kan. O ní gbogbo ìlú náà ló máa ṣí sílẹ̀, kò sí ibi tí èèyàn ò ní lè wọ̀. Inú rẹ ń dùn bí o ṣe ń sọ ọ́. Èmi, ayò àti lúdò nìkan ni géèmù tí mo mọ̀, wọn kì í sì í gbé ìbọn dání ta á. Ìyẹn ni mo ṣe pariwo pé kí ẹ mú Àkúrẹ́, pé sójà wà níbẹ̀ tí wọ́n á là yín níjà, tàbí kí ẹ gbé e kọjá lọ sí odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ yẹn ń tì mí lójú. Ọmọ èèyàn ló wà níbẹ̀ náà.

Ní ọjọ́ kejì mo ra àgádágodo tuntun sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nítorí ṣíṣí tí o ní ìlú máa ṣí. Mo lọ bi olórí ọdẹ àdúgbò bóyá wọ́n ti fi tó o létí. Ó ní ọjọ́ wo ni, mo ní ọmọ mi kò tíì dá ọjọ́. Ó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wúkọ́, ó ní tí mo bá ti gbọ́ kí n sáré wá sọ fún òun. Nígbà tí mo délé, mo gbé fọ́tò ìyá rẹ kúrò lára ògiri pálọ̀, mo fi aṣọ wé e, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ọta ìbọn má baà bà á. Láti ìgbà tó ti kú, mi ò gbé e kúrò níbẹ̀ rí. Ilẹ̀ mọ́, mo gbé e padà. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ò bà mí mọ́. Ògiri yẹn ló ṣófo jù.

Akíntóyè tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì wa ló wá là mí lóye. Ó ní ìbọn yín kì í jáde kúrò nínú gíláàsì ojú fóònù. Mo ní ṣé ó dá a lójú, ó ní, Bàbá, òun ti yin tòun tipẹ́tipẹ́, kò tíì ba aládùúgbò kankan. Ó fi irú géèmù bẹ́ẹ̀ kan hàn mí, ìlú òyìnbó ni. Bàbá arúgbó kan jókòó síwájú ilé rẹ̀, àwọn èèyàn ń sáré kọjá tìbọntìbọn, gbogbo ẹni tó bá ti kọjá ló ń kí, ọ̀rọ̀ kan náà ṣáá, kò sì sẹ́ni tó ń dá a lóhùn. Mo tẹjú mọ́ ọn títí. Mo bi Akíntóyè pé ṣé bàbá yẹn kò bímọ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn tó ṣe géèmù náà ò kọ ọmọ mọ́ ọn.

Akíntóyè yìí náà ló sọ pé ìlú tí wọ́n bá yàn, àwọn tó ń ṣe géèmù á wá jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa ya àwòrán ògiri, wọ́n á máa gba ohùn ajá sílẹ̀, ó lè tó oṣù kan. Oṣù kan, Moyin! Èéṣe tí o kò sọ ìyẹn fún mi?

Nítorí náà mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yan Oǹdó. Sọ fún ọ̀gá yín pé bàbá rẹ ní ìlú wa dára fún ogun gan-an. Kòtò iwájú ilé Oríọlá lè gba odidi ọmọ ogun kan, ọ̀nà àbùjá sì pọ̀ tí èmi fúnra mi máa fi hàn yín. Tí ẹ bá ń wá nǹkan tí ẹ máa yìnbọn sí, ewúrẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n má rán ẹlòmíràn wá o. Ẹlòmíràn kò ní mọ fèrèsé tí o máa ń yọjú níbẹ̀ nígbà tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, á kàn yà á bí fèrèsé lásán.

Mo ti gbọ́n eruku yàrá rẹ. Owó oògùn orúnkún tí o fẹ́ fi ránṣẹ́, má fi ránṣẹ́ mọ́, fi wọ ọkọ̀ Àbdùlláhì. Tó bá sì jẹ́ Àkúrẹ́ ni wọ́n mú, wọ̀ ọ́ náà, kí o wá sọ ọ́ fún mi lójúkojú.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ ní àlọ, á ṣọ́ ọ ní àbọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á là, ojú rẹ kò ní ríbi, ọmọ tìrẹ náà kò ní jìnnà sí ọ.

Ó ku ẹyọ kan. Tí ẹ bá ya ilé wa, mo mọ̀ pé ẹ máa gbé bàbá arúgbó kan jókòó síwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ máa fi sí i lẹ́nu, ẹ jẹ́ kó jẹ́, “Wọlé wá, oúnjẹ wà.” Kó máa sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá, kódà kó gbé ìbọn dání. Kí ẹ sì kọ ọmọ mọ́ ọn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jíbọ́lá Akínyẹmí.