Àwòrán Ísáákì àti Ojú Ìyá Mi

Màmá mi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Bẹ́ljíọ̀m. Ẹ bá mi kí àwọn àgbà ilé, ẹ kí ẹ̀gbọ́n mi Àǹtí Fúnkẹ́ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Òjò ibí kì í pọ̀, ṣùgbọ́n kì í tán, òtútù rẹ̀ sì ń wọ eegun.

Ilé tí wọ́n ń kó àwòrán àtijọ́ sí ni mo ti ń nu ilẹ̀ àti gíláàsì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé ọ̀kan kọ́ sára ògiri. Kálàmù àti yíǹkì lásán ni ọmọ ẹ̀yà Fìlẹ́míṣì kan níbí fi yà á láyé ọjọ́un, kò tóbi ju ìwé orin yín lọ. Ísáákì arúgbó inú Bíbélì ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ti fọ́, ó ń fọwọ́ pa apá Jákọ́bù wò bóyá Ísọ̀ ni. Màmá, èèyàn lè ka irùngbọ̀n bàbá yẹn níkọ̀ọ̀kan, gbogbo iṣan ọwọ́ rẹ̀ ló hàn. Kí n tó mọ̀, orúnkún mi ti kanlẹ̀, mo ti ń kí wọn pé ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ ò kúkú kọ́ mi láti dúró gbagidi níwájú àgbà. Ọ̀gá mi obìnrin sáré wá, ó ní kí ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kò sí, ṣùgbọ́n mo ti bú sẹ́kún.

Ọwọ́ yín ni mo rí. Àǹtí ní ọwọ́ lẹ fi ń mọ obì tí kòkòrò ti jẹ báyìí. Ó ní dókítà sọ pé iṣẹ́ abẹ ojú yín kò le, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ jù, ojú náà lè lọ pátápátá, ẹ̀yin sì kọ̀ jálẹ̀. Ẹ ní, “Bí wọ́n bá la ojú mi, Àyìnkẹ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí.”

Inú mi dùn, ọkàn mi sì gbọgbẹ́. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde. Bí mo bá kúrò níbí, wọn ò ní jẹ́ kí n padà wọlé. Àárò yín ń sọ mí débi pé bí mo bá ń nu gíláàsì, mo máa ń fi oríkì tí ẹ fi ń jí mi ki ara mi. Ṣùgbọ́n ojú kì í ṣe oúnjẹ tí wọ́n ń bò de ọmọ tó lọ oko.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀lé Àǹtí lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ò ní ṣìnà, ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ. Ẹ kí gbogbo ilé. Ẹ kọ́kọ́ rí àwọn ọmọ-ọmọ yín, kí ẹ rí Ìlá ìlú wa. Èmi á tò sẹ́yìn wọn.

Ọmọ yín,
Àyìnkẹ́