Oríkì Tí Kò Wá Sí Ẹnu Mi

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Bọ́sẹ̀, ọmọ ọmọ mi, bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kí o kọ ọ́. Má bá mi tún un ṣe.

Ìyá rẹ wá kí mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ń retí kí n fi oríkì dá a lóhùn. Mo wá oríkì ọ̀hún tì. Mo wá pè é ní Àníkẹ́, oríkì àbúrò rẹ̀ tó ti kú.

Kò dìde. Ó ní, "Màámi, ẹ tún mi pè. Àbẹ̀kẹ́ ni mí."

Mo jágbe mọ́ ọn. "Dìde, má ba aṣọ ẹ jẹ́! Ta ló ní mi ò mọ̀?"

Mi ò mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn àgùntàn àdúgbò dé, tí àwọn ọmọ wọn ń ké papọ̀. Ìyá àgùntàn kan fi orí ti ọmọ ọlọ́mọ dànù, ó lọ bá tirẹ̀. Ẹranko tí mo fi ń bú ọmọ tí kò gbọ́n láti ọjọ́ yìí! Bó bá rí ọkọ̀, kò mọ̀ pé ó yẹ kóun yà. Ṣùgbọ́n ó mọ ọmọ rẹ̀.

Èmi ṣì rántí èébú tí orogún mi bú mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, àti èsì tí mo fún un. Kí ni mo fẹ́ fi irú ọgbọ́n yẹn ṣe?

Ìyá rẹ ní kí n bá òun lọ sílé òun nítòsí Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní mi ò lọ. Ilé tí mo mọ̀ ni kí n ti máa gbàgbé nǹkan.

Láàárọ̀ ọ̀la, kó tó lọ, ó máa tún kúnlẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju ikú lọ.