Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Ìléru Gáàsì Bàbá Rẹ

Fawziyah, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Èkó? Ṣé ara le, ṣé ibi iṣẹ́ ń dẹrùn? Àwa ní Ẹdẹ ń bẹ lókè eèpẹ̀, Alihamudulilahi. Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí a fi ẹkún gbọ́ ìròyìn ara wa, àmín.

Ìléru gáàsì tí o fi ògbólógbòó sìlíńdà ṣe fún bàbá rẹ ti délé. Wọ́n wò ó yíká, wọ́n ní ṣé èyí ni yóò gba ipò ẹwìrì tí àwọn fi ń fínná láti kékeré. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbà á, torí ikọ́ èéfín èédú yìí ń já mi láyà. Bí wọ́n bá lu irin díẹ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa mí gúlegúle. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí wọn ò bá kúrò nídìí èédú, a ò ní ní wọn pẹ́.

Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ọmọ mi, inú bí mi sí ọ díẹ̀. O kí mi, mo dáhùn, mo bi ọ́ bóyá o ti jẹun, o ò dá mi lóhùn, ńṣe lo ń bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo tún kí ọ kú ìnáwó, o ò wí nǹkan kan. Níbi tí mo ti ń kí ọ lọ́wọ́, gbogbo ohun tí etí mi gbọ́ ni pé òwú funfun tó wà nínú ẹrù náà ni kì í jẹ́ kí ooru sá lọ. Mo ní ọmọ mi ṣeun, ó mọ̀ pé ọyẹ́ ń mú bàbá òun. Mo bá tẹ́ òwú náà sábẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ha! Bàbá rẹ họra títí di ìrun àárọ̀, wọ́n ní ẹ̀bùn rẹ dára, àmọ́ ó jọ wèrèpè.

Kaosarah, ọmọ àbúrò wọn, ló ṣàlàyé fún mi pé o ti sọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ sórí fóònù ṣáájú, pé o ò lè gbọ́ mi. Ó ní kí n panu mọ́ kí òun tó tún gbé ohùn náà sí i. Àṣé ara ògiri ìléru ni òwú wà fún, àti pé kí a wá ohun líle tí iná kò lè jẹ fún ilẹ̀ rẹ̀, torí orí ilẹ̀ náà ni irin yóò máa sùn.

Ilẹ̀ lo pè é, ni mo bá ránṣẹ́ pe Olúgbénga bíríkìlà. Ó da sìmẹ́ńtì sí i, ó rẹ́ ẹ, ó ń dán, èmi gan-an bi í bóyá táìlì kò ní dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá rẹ tanná sí i, sìmẹ́ńtì bú gbàù, ó gbé fìlà wọn lọ! Wọ́n fìbínú padà sídìí èédú, ikọ́ sì tún dé. Mo wọ yàrá lọ sunkún, n ò ní purọ́ fún ọ.

Ibi tí mo ti ń nu ojú ni mo ti rántí pé àwọn àgbà ní àpáàdì ló tó ko iná lójú. Mo ní ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun. Ìkòkò omi ìyá mi tó ti sán wà lẹ́yìnkùlé, o mọ̀ pé n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo fọ́ ọ. Mo gún lára rẹ̀ kúnná, mo pò ó mọ́ amọ̀ òkìtì ikán tí wọ́n bá mi bù wá láti Alajue. Bàbá rẹ ń wò mí, ìgbà tó yá wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń bá mi to àwọn àpáàdì ńlá sórí rẹ̀. Wọ́n ní kí a fi í síbòji kó gbẹ dáadáa, torí omi inú sìmẹ́ńtì ló jẹ́ kó bú.

Lánàá, wọ́n fi ìléru náà rọ ọkọ́ kan tán pátápátá. Ilẹ̀ náà kò sán. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí ikọ́, kò wá. Wọ́n gbé ọmọ owú sílẹ̀, wọ́n kọjú sí ọ̀nà Èkó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì ọ́, Àṣàkẹ́. Ó ti pẹ́ tí wọn ò lè kì ọ́ dé ìdajì kí èémí tó dá wọn dúró. Lánàá, wọ́n kì ọ́ dé òpin.

Gáàsì ń tán lọ o, jọ̀ọ́, fi owó gáàsì ránṣẹ́ sí wa. Ọlọ́hun yóò bá ọ gbọ́ bùkátà tìrẹ náà, o ò ní pàdánù, ọmọ tìrẹ á tọ́jú ìwọ náà. Àmọ́ bí owó ọwọ́ rẹ kò bá tó nǹkan méjì, má ra gáàsì. A ó máa ṣọ́ èyí tó kù lò. Fi owó náà wọkọ̀ wálé, kí o kúnlẹ̀, kí bàbá rẹ kì ọ́ lójúkojú.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sìmbíátù