Ọta Kejì: Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá Taguma Karuru (1951–2021)

Abúlé Mahuwe, ní ìsàlẹ̀ òkè ní Dande, lórílẹ̀-èdè Zimbabwe, ni a bí Bàbá wa, Taguma Karuru, sí ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 1951. Kufandada ni bàbá tó bí wọn, Raviro sì ni ìyá wọn. Ìdílé erin ni wọ́n. Ẹran erin jẹ́ èèwọ̀ fún wọn, "Samanyanga" sì ni oríkì tí ìyàwó wọn fi ń pè wọ́n.

Ìrìn wákàtí méjì ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn sí ilé. Kò sí ilé-ìwé gírámà nítòsí, nítorí náà wọ́n gba ẹ̀kọ́ tó kù nípasẹ̀ lẹ́tà. Orí ìrìn ni wọ́n ti ń kà á, torí wọn kì í lè jókòó sójú kan. Ní 1974 wọ́n fẹ́ Ìyá wa, Esinati, nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Aláàárù ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ ní àgọ́ ọdẹ. Ní 1988 wọ́n yege ìdánwò, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ láti máa mú àlejò tó wá ṣọdẹ wọ igbó. Jairosi Mupunga, ọ̀rẹ́ wọn, ni ó ń tọ ipasẹ̀ ẹran níwájú wọn.

Lọ́dún náà ni ọ̀gá àgọ́, Ọ̀gbẹ́ni Hadlow, gbé ìbọn ẹlẹ́nu méjì, oríṣi méjì, kalẹ̀ pé kí Bàbá mú ọ̀kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní 470 wúwo tó kílò márùn-ún. 577, tí ọta rẹ̀ sanra bí ìka, lé ní kílò mẹ́fà. Ohun tí àwọn ọdẹ máa ń ṣe nígbà náà ni pé wọn á yin ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, wọn á fọwọ́ ra èjìká, wọn á wá jiyàn lórí èyí tó gbúnni jù. Ẹni tí 577 kò bá bì ṣubú ni akọni. Bàbá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, wọn kò yẹsẹ̀.

"Ẹ wo akọ erin!" ni Jairosi pariwo. "Èjìká yìí kì í ṣe ti ènìyàn! Ẹ gbé 470 yẹn fún àwọn tó ń dọdẹ ehoro."

Bàbá mú 577.

Ní oṣù keje ọdún 1991, ẹfọ̀n kan tí àlejò ti ṣe léṣe já jáde láti inú koríko, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Ọta àkọ́kọ́ Bàbá bà á, kò dá a dúró. Ìbọn gbé ẹnu sókè, ó ti Bàbá sẹ́yìn. Kí wọ́n tó rí ẹnu rẹ̀ mú wálẹ̀, ẹfọ̀n ti dé ọ̀dọ̀ Jairosi. Ọta kejì pa ẹfọ̀n náà. Jairosi ti kú.

Ẹbí Mupunga ní ẹfọ̀n ló pa á, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Bàbá kò gbà. Bàbá fúnra wọn ló ní kí a kọ ọ́ síbí pé ìgbéraga àwọn ni ó yan ìbọn náà. Láti ọjọ́ yẹn, oorun sá fún wọn. Wọn á dìde nídìí sadza, ọkà àgbàdo tí à ń jẹ, wọn á rìn yí ilé ká, oúnjẹ á ti tutù kí wọ́n tó padà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń dúró sí gbọ́ ìwàásù.

Wọ́n wá fi ìlànà mìíràn lélẹ̀ fún gbogbo ọdẹ tó bá fẹ́ yan ìbọn: yin ọta méjì tẹ̀léra sí ara páálí, kí Ìyá wa Esinati máa pàtẹ́wọ́ láàárín méjèèjì, kí a lè mọ bí ìkejì ti pẹ́ tó. Àtẹ́wọ́ kan ni Bàbá gbà pẹ̀lú 470. Pẹ̀lú 577, mẹ́ta. Àtẹ́wọ́ méjì tó fi lé yẹn, wọ́n ní, ni ẹ̀mí Jairosi.

Ní 2010, Sekai, ọmọbìnrin Jairosi, yege ìdánwò kan náà. Ó wá bá Bàbá, 577 ló ń bèèrè.

"Bàbá, bí mo bá gbé 470, àwọn ọkùnrin á sọ pé ìbọn obìnrin inú ilé ìdáná ni."

"Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ṣé ẹnu wọn ló máa já lù ọ́ nínú koríko, àbí ẹfọ̀n? Yin 577 yẹn. Má bi èjìká léèrè, ọta kejì ni kí o bi."

Sekai yìn ín. Àtẹ́wọ́ mẹ́rin.

"Ọmọ mi," ni Ìyá Esinati wí, "sadza mi ti jinná kí ìkejì tó jáde."

Sekai rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì tètè dákẹ́ ẹkún. Ó mú 470. Ṣùgbọ́n ara Bàbá kò balẹ̀ síbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí Sekai bá wà nínú igbó, ojú ọ̀nà ni wọ́n máa ń wà.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà ọdún 2021, nígbà tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró ti dá Bàbá dùbúlẹ̀, Sekai pè lórí fóònù.

"Bàbá, ẹfọ̀n já lù wá láàárọ̀ yìí. Àkọ́kọ́ kò dá a dúró. Ìkejì dá a dúró. Obadia tó ń tọ ipasẹ̀ fún mi wà níbí, ó ń bú mi pé mo fi ìró ìbọn di òun létí."

"Jẹ́ kí n gbọ́ bí ó ṣe ń bú ọ," ni Bàbá wí.

Obadia bú u dáadáa. Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n sì sùn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn náà ni wọ́n dágbére fáyé.

Àwọn tí Bàbá fi sáyé lọ: Ìyá Esinati; àwọn ọmọ, Rudo, Tafara, Chenai àti Kudzai; ọmọ-ọmọ mọ́kànlá; àti Sekai Mupunga, tí Bàbá fúnra wọn kà mọ́ ọmọ.

Samanyanga, ẹ ti rìn tó. Ẹ na ẹsẹ̀ yín. Kí ilẹ̀ Dande tẹ́jú fún yín, kí Olúwa ṣọ́ ilé. Ẹ sùn ire, Bàbá.