Káàdì Olóǹtẹ̀ Kan

Ọjọ́ Ajé, 26 oṣù Karùn-ún
Ìròyìn oṣù Kẹta parí. Ó yẹ kó ti parí lọ́sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, àmọ́ ìgbín ló pọ̀ nínú òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn yìí. Káàdì 640. Òǹtẹ̀ kan nígbà tí aláìsàn bá wọlé, òǹtẹ̀ kejì nígbà tó bá rí dókítà. Mo yọ aago àkọ́kọ́ kúrò nínú ìkejì, mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo pín in sí 640. Ìpíndọ́gba: ìṣẹ́jú 18.

Ọ̀gá Ẹlẹ́rìn-ín — olùdarí wa, ẹni tí eyín rẹ̀ kì í wọlé — ní ká kọ ọ́ sára pátákó ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó ti wà lábẹ́ 20, dókítà kejì lè máa lọ sí ẹ̀ka wa kejì. Èmi ni mo dá a lábàá.

Ọjọ́rú, 28
Wọ́n ti kun pátákó. ÌṢẸ́JÚ 18 PÉRÉ LẸ Ó FI DÚRÓ. Ó rẹwà.

Ọjọ́bọ̀, 29
Bàbá Fáìlì gbé páálí kan wá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń tọ́jú ìwé àwọn aláìsàn. Wọ́n ní àwọn káàdì inú páálí ńkọ́. Mo ní òǹtẹ̀ kan péré ló wà lára wọn — kí ni kí n wá yọ kúrò nínú kí ni? Wọ́n ní, "Ọ̀gá wa, àwọn tó dúró títí nìkan lẹ kà. Ẹ̀ ń bi àwọn tó ti yó pé ṣé ebi wà nílùú."

Mo ní kí wọ́n gbé e padà. Wọ́n gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù Kẹfà
Mo yà sọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ. "Kíákíá ti dé. Ẹ gbé àga kúrò, kó má lọ máa ka ẹsẹ̀ rẹ̀." Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Apá ọ̀tún wọn ò gòkè dáadáa. Sísọ́ọ̀sì bọ́ sílẹ̀, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi mú un. Mo ní kí wọ́n wá sílé ìwòsàn wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ibi tí wọ́n ti ń fi ìṣẹ́jú méjìdínlógún dúró?" Ẹ̀rín yẹn ò dùn létí mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 6
Mo ka páálí náà, kí Bàbá Fáìlì lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀. 211. Rò ó mọ́ 640: 851. Ẹnì kan nínú mẹ́rin ló wọlé, tó jókòó, tó sì padà sílé láì rí dókítà. Ìṣirò ọmọ iléèwé lásán. Ìwé tí ò pé ni mo ń pè wọ́n.

Nísàlẹ̀ páálí, orúkọ Ẹ̀gbọ́n. 4 oṣù Kẹta, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tó gbé wọn wá: kókó lọ́mú.

Mo pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn jókòó títí di aago méjì, oníbàárà sì ń pe àwọn ṣáá, làwọn bá dìde. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò pè mí, ọ́fíìsì mi ò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ síbẹ̀. "Ṣebí ìwọ lo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pé ẹbí òṣìṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ fo ìlà? Mo kà á. Mo tiẹ̀ ń fi ẹ́ yangàn fún obìnrin tó jókòó tì mí."

Ọjọ́ Ajé, 9
Ẹ̀gbọ́n wá. Mo fẹ́ mú wọn wọlé tààrà, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ǹṣì — ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Ìṣó kan yọ lára rẹ̀. Wákàtí méjì ààbọ̀. Ẹni mẹ́ta níwájú wa dìde, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Dókítà tẹ kókó náà wò. Ó gé díẹ̀ fún àyẹ̀wò. Bàbá Fáìlì mú káàdì oṣù Kẹta yẹn jáde, wọ́n lu òǹtẹ̀ kejì sí i. Ọjọ́ 97 ló wà láàárín méjèèjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10
Mo fi ọjọ́ 97 náà kún 640 yẹn. Ìpíndọ́gba fò láti ìṣẹ́jú 18 lọ sí 236. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́rin. Ẹnì kan ṣoṣo.

Mo gbé e lọ bá Ọ̀gá Ẹlẹ́rìn-ín. "Èyí yapa sí tàwọn yòókù, yọ ọ́. Tàbí kó o tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, kó o mú èyí tó bọ́ sí àárín gan-an."

Mo tò wọ́n. Kí Ẹ̀gbọ́n tó wọ̀ ọ́, iye àárín jẹ́ 16. Wọ́n wọ̀ ọ́ tán: 16. Kò tiẹ̀ mì.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọkùnrin náà ò purọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Bí èmi náà ṣe ń kọ́ ẹlòmíì nìyẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí dókítà kejì ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Ó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14
Mo bá Ẹ̀gbọ́n gé aṣọ. Mo gé e wọ́. Wọn ò bú mi. Wọ́n máa ń bú mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 20
Èsì dé. Jẹjẹrẹ ọmú ni, ó ti ràn dé ibòmíì lára.

Dókítà fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ká ní wọ́n tètè rí i ni, nínú ẹni mẹ́wàá, bíi mẹ́sàn-án ló máa là á já. Níbi tó dé yìí, bíi mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, "Dókítà, àwọn mẹ́ta wo?" Ó ní ìṣirò ò lè sọ ìyẹn. Wọ́n yíjú sí mi. "Kíákíá, ìwọ lo kàwé ìṣirò. Àwọn mẹ́ta wo?"

Mo ká ìwé èsì náà, mo fi í sínú báàgì.

A ń jáde lọ. Obìnrin kan dúró níwájú pátákó, ó ń kà á fún ìyá rẹ̀ pé, ẹ wò ó, a ò ní pẹ́. Mo yọ ìwé yìí nínú báàgì, mo kọ aago tí obìnrin náà àti ìyá rẹ̀ wọlé: mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀gbọ́n ní ká máa lọ, aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká dúró títí ìyá yẹn á fi rí dókítà.