Èjí Kì í Ṣe Àlàfo

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ẹ̀yin, ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Àlàáfíà la wà níbí. Orúnkún Bàbá ti fúyẹ́; wọ́n ti ń dá gun àtẹ̀gùn.

Ọ̀rọ̀ eyín mi ló rú mi lójú. Wọ́n ní ahọ́n àti eyín ń jà, wọ́n sì ń parí rẹ̀. Tèmi kì í parí mọ́, torí eyín ìsàlẹ̀ ti gun ara wọn, wọ́n sì ń gé ahọ́n mi jẹ.

Ibi ìtọ́jú eyín méjì ni mo lọ. Ní ti àkọ́kọ́, ọmọbìnrin kan fi fóònù ya ẹnu mi, ó ní ike tó mọ́ gaara á tò wọ́n lóṣù mẹ́fà. "Mọ́mì, ẹwà ni èjí yín, a ò ní fọwọ́ kàn án!" Kò yẹ egungun wò rárá. Èmi oníṣègùn ojú, n kì í fọwọ́ kan ojú tí n kò tíì yẹ̀ wò. Dókítà eyín tó wà níbi kejì ya àwòrán egungun àgbọ̀n mi, ó fi sùúrù ṣàlàyé wáyà ọlọ́dún méjì tí òun á fi to eyín náà, àmọ́ ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun á "dí àlàfo iwájú."

"Dókítà, èjí ni. Ìyá mi ló fún mi."

"Àlàfo náà ni, mà."

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó mọ èjí kò mọ egungun. Ẹni tó mọ egungun kò mọ èjí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́tò tí Ìyá ti ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ayé wọn ránṣẹ́, kí n gbé e síwájú dókítà. Bí ó bá tún pè é ní àlàfo, ẹ sọ ibi tí màá lọ fún mi.

Ọlọ́run ò ní mú ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wa.

Èmi ni àbúrò yín.