Àwọn Ẹ̀wù àti Báàgì Tí Mo Fọ̀ Kí N Tó Fi Ránṣẹ́

Ọmọ mi àtàtà, ọlọ́wọ́ iṣẹ́ ọnà,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀rọ rẹ náà jí dáadáa? Àwa níhìn-ín wà, àfi ẹ̀yìn bàbá rẹ tó ń dùn ún. Ó ní òjò ló fẹ́ rọ̀, ẹ̀yìn ń dùn lọ, òjò ò sì rọ̀. Ọlọ́run tó fi iṣẹ́ sí ọ lọ́wọ́ kò ní í gbà á padà.

Mo gbọ́ ìròyìn tí o sọ nínú fóònù lánàá, mo sì bú sí ijó. Mo jó débi pé fóònù já bọ́ sínú ọpọ́n ìfọṣọ, ìdí nìyẹn tí o fi ń pè tí kò wọlé. Má dààmú, mo ti fi omi tó mọ́ ṣàn án, mo sá a sórí okùn láàárín aṣọ, yóò gbẹ. Òun ló jẹ́ kí n mú bírò, torí o ní láti mọ bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ wa.

Nígbà tí iléèwé yẹn pín iṣẹ́ fún ìwọ àti oníṣọ́ọ̀bù tó wà ní òdìkejì rẹ, pé kí ẹ fi ẹ̀rọ àti òwú kó àwòrán ẹyẹ tó jẹ́ àmì wọn sára ẹ̀wù àti báàgì díẹ̀ kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa gbé gbogbo rẹ̀ fún, o ní tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, o ó ti ṣọ́ọ̀bù, o ó padà wálé. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. O ní kí n bá ọ ra èyí tí wọn ò tíì kọ nǹkan kan sí lára lọ́wọ́ aláṣọ ọjà wa. Mo mú férémù àlòkù rẹ, òrùka tí o fi ń na aṣọ kí ẹ̀rọ tó kó o, èyí tí mo fi ń gbé ìkòkò lé, mo fi kọ́rùn, ó di ọjà.

Ẹ̀wù dídán ni aláṣọ kọ́kọ́ nà sí mi. Mo fi abẹ́rẹ́ gún un, mo yọ ọ́, ihò náà là sílẹ̀ ó ń wò mí. Ó pariwo pé mo fẹ́ ba ọjà òun jẹ́. Mo ní abẹ́rẹ́ kan péré rèé, ẹ̀rọ ọmọ mi máa gún un láìmí ni. Ó mú òmíràn wá, mo fà á, ó tẹ̀ lé mi, mo fi í sílẹ̀, kò padà. Kò sí ibi tí ẹyẹ máa nà sí lára irú aṣọ bẹ́ẹ̀ tí kò ní í hunjọ. Ó fajú ro, ṣùgbọ́n ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù. Òwú tó nípọn, tí mo gbé sójú oòrùn tí mi ò rí aláṣọ lódìkejì, òun ni mo mú, mo sì mú èyí tó tóbi, torí ọmọ ń dàgbà. Báàgì tí férémù ò wọ ẹnu rẹ̀, mo dá a padà. Èyí tó ní àpò níwájú, mo bi í pé níbo ni ẹyẹ máa bà lé? O ní kí n fi aṣọ hàn ọ́ lórí fóònù. Mo fi í pa ojú fóònù síwá sẹ́yìn kí o lè mọ bó ṣe rí lára. O ò sọ nǹkan kan, mo mọ̀ pé ó tẹ́ ọ lọ́rùn.

Ta ló wá ń fi aṣọ tí gbogbo ọjà ti fọwọ́ pa ránṣẹ́ sọ́mọ? Mo gbé omi gbígbóná, mo fọ gbogbo wọn, bàbá rẹ lọ̀ wọ́n. Báàgì kan ń ṣí, ó sọ omi di aró, aláṣọ pààrọ̀ rẹ̀ tìkanra-tìkanra. Ìgbà tí ẹrù dé ọ̀dọ̀ rẹ lo sunkún, o ní mo ti sọ ọjà tuntun di àlòkù, gbogbo ẹ̀wù ti súnkì. Bàbá rẹ mú ọwọ̀, ó lọ gbá yàrá rẹ sílẹ̀ dè ọ́. Ìró ọwọ̀ yẹn dùn mí ju ẹkún rẹ lọ.

Àṣé ìṣẹ́gun ni mò ń sá sóòrùn! O ní lẹ́yìn tí àwọn ọmọ iléèwé fọ aṣọ tí ẹ̀yin méjèèjì kó ẹyẹ sí, ti oníṣọ́ọ̀bù òdìkejì súnkì, ẹyẹ rẹ̀ káwọ́ kásẹ̀ bí èyí tí òjò pa, tìrẹ sì na ìyẹ́ gbalaja. Tìrẹ ti súnkì tán lọ́dọ̀ mi, kò níbi tó tún fẹ́ súnkì lọ! O ní gbogbo iṣẹ́ iléèwé ló di tìrẹ. Ọmọ mi, mo kígbe! Bàbá rẹ gbàgbé ẹ̀yìn, ó bá mi jó. Aláṣọ ń sọ kiri ọjà pé òun ló yan aṣọ náà. Mo ní kò burú, ayọ̀ tó pín.

Ní báyìí, fi owó ránṣẹ́ fún ẹ̀wù mìíràn, ọpọ́n ńlá, ọṣẹ, àti fóònù tí èyí ò bá gbẹ. Fi rán awakọ̀, má fi í sí bánkì. Ẹ̀rọ tó ń pọ owó níwájú bánkì kò mọ̀ mí. Mo kí i, mo sọ orúkọ bàbá rẹ fún un, ó gbé káàdì mì.

Yàrá rẹ tí bàbá rẹ gbá, mo ti ta okùn sínú rẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Ẹ̀wù ló máa gbé ibẹ̀. Tí o bá fẹ́ wálé, wá kí wa, kí o sì padà síbi iṣẹ́ rẹ, torí kò sí àyè fún ọ mọ́ nílé yìí, mo sì dúpẹ́.

Ọwọ́ rẹ á máa ròkè. Ayé rẹ kò ní í súnkì.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó fọ̀ ọ́.